Kí oníṣòwò tó ra RAM ńlá sí kọ̀ǹpútà alágbèélétan rẹ̀, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wò nìyí

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké tó ń lo kọ̀ǹpútà alágbèélétan ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn rí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n rà ní tòkunbọ̀, tó ń sáré bí ẹṣin nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, á ṣàdéédéé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Ìwé owó tó wà nínú Excel kò ní tètè ṣí, CorelDRAW tí wọ́n fi ń ṣe káàdì ìgbéyàwó á há, oníbàárà á sì dúró níwájú tábìlì, á máa wo aago ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n á pe ẹnjiníà, ẹnjiníà á ní kí wọ́n lọ fi RAM kún un. Wọ́n á gba Computer Village n'Íkẹjà lọ, wọ́n á ra èyí tó tóbi jù tí owó wọn ká. Ìgbà tí wọ́n bá gbé e délé tán ni wọ́n á rí i pé kò wọ inú ihò rẹ̀. Tàbí kó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri, kó máa dún píìpù, píìpù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń rò ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe RAM náà. RAM ọ̀hún àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ fi sí ni kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Owó ti lọ, ọlọ́jà ti ní òun kì í gba ọjà tí òun bá tà padà, iṣẹ́ oníbàárà ṣì wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tí èèyàn fi máa mọ RAM tó bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ mu kò ju kó jókòó fún bí ìṣẹ́jú 15 kó tó jáde nílé.

RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Ó dà bíi tábìlì tí aránṣọ fi ń gé aṣọ, nígbà tí hard disk dà bíi kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó aṣọ sí. Bí tábìlì bá kéré, aránṣọ á máa ká èyí tó gé dé ìdajì padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù kó tó ráàyè tẹ́ òmíràn. Bí RAM bá kún, Windows náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ lọ sínú hard disk, hard disk ò sì yá tó RAM rárá. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń há.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni kí èèyàn mọ̀ bóyá tábìlì ló kéré lóòótọ́. Kí oníṣòwò ṣí gbogbo ohun tó máa ń lò lóòjọ́ pa pọ̀, ìwé owó, WhatsApp, ojú ewé ilé ìfowópamọ́ àti èyí tó fi ń yàwòrán, kó wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Task Manager ló máa jáde. Kó wá Performance, kó sì tẹ Memory. Bí ibẹ̀ bá fi hàn pé ìdá 85 tàbí 90 nínú 100 ti kún, RAM ló ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí Memory ò bá tíì kọjá ìdajì, tí Disk wà ní 100 tí kò sọ̀ kalẹ̀, hard disk ló ń dá iṣẹ́ dúró. Bí wọ́n bá fi 32GB sí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, bí yóò ṣe máa wọ́ náà nìyẹn, àfi kí wọ́n yọ hard disk àtijọ́ yẹn, kí wọ́n fi SSD rọ́pò rẹ̀. Ká sòótọ́, kì í ṣe owó kékeré ló ti lọ sórí RAM tó jẹ́ pé SSD ló yẹ kó ra.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló nílò RAM ńlá náà. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà, tó ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde, tó ń fèsì fún oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 8GB ń tó o. Ayàwòrán tó ń lo Photoshop tàbí CorelDRAW pẹ̀lú fáìlì tó tóbi ló yẹ kó máa wá 16GB, ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó sì lè wá 32GB. Windows 11 ní 4GB ni ó kéré jù tí òun lè fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lo 4GB náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn.

Ojú ewé Memory yẹn kan náà ló ní ìdáhùn sí ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ kì í wò. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ tí wọ́n pè ní Form factor. Bí iwájú rẹ̀ bá jẹ́ SODIMM, RAM tó ṣeé yọ, tó ṣeé fi sí, ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Row of chips ni wọ́n kọ, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù láti iléeṣẹ́, kò sí ihò tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ki òmíràn sí. Slots used náà wà níbẹ̀, tó ń sọ iye ihò tó wà àti iye tó ti kún; 1 of 2 túmọ̀ sí pé ihò méjì ló wà, ẹyọ kan ṣófo. Ṣùgbọ́n kí èèyàn má fi ìyẹn nìkan lọ sọ́jà, nítorí àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n máa ń kọ 2 of 2 bí ẹni pé ihò méjì ló wà níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló jó mọ́ bọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ jíjó mọ́ bọ́ọ̀dù yìí ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn jù, torí ọjọ́ tí wọ́n ń ra kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣàṣìṣe, wọn ò sì ní mọ̀ títí di ọdún kejì. MacBook Air kò ní RAM tó ṣeé yọ rí látìgbà tó ti jáde lọ́dún 2008. MacBook Pro tó ní ojú Retina, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, náà rí bẹ́ẹ̀. X1 Carbon tí Lenovo ń ṣe, tó fẹ́lẹ́ tó sì wu ojú, bákan náà ni. Ẹni tó bá ra èyíkéyìí nínú wọn pẹ̀lú 4GB tàbí 8GB, ohun tó rà náà ló máa lò títí kọ̀ǹpútà yóò fi kú.

Àwọn kan wà láàárín méjì. ThinkPad T480 ní ihò méjì, RAM méjèèjì ló ṣeé yọ. Ṣùgbọ́n T480s, tí lẹ́tà kan ṣoṣo fi yàtọ̀ sí i, wọ́n ti jó apá kan RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, ihò kan péré ló kù. T440s rí bẹ́ẹ̀ náà: 4GB ti jó mọ́ ọn, 8GB lèèyàn lè fi kún un, 12GB ni òpin rẹ̀. X240 kò tiẹ̀ ní ju ihò kan lọ, 8GB sì ni iléeṣẹ́ ní ó lè gbà. Ọlọ́jà tó bá ń pariwo pé ThinkPad ni, pé gbogbo ThinkPad ló ń gba RAM, kò purọ́ tán, kò sì sòótọ́ tán. Orúkọ kọ̀ǹpútà náà ní kíkún, títí dórí lẹ́tà tó kẹ́yìn, ló yẹ kéèyàn bi í.

Lẹ́yìn ihò, ìran RAM ló kàn. DDR3, DDR4 àti DDR5 ló wọ́pọ̀ lára àwọn kọ̀ǹpútà alágbèélétan tó wà lọ́jà. Ìran kan kì í wọ inú ihò ìran kejì, torí gígé kékeré tó wà létí RAM, èyí tó gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ihò ṣe déédéé, kì í sí níbì kan náà. DDR3 ti kọ̀ǹpútà alágbèélétan ní ẹsẹ̀ 204, DDR4 ní 260, DDR5 ní 262. Bí kò bá wọlé, kí ẹnikẹ́ni má fi agbára tì í. Ihò tó bá fọ́ lára bọ́ọ̀dù, àtúnṣe rẹ̀ lè ju owó RAM lọ.

Àpẹẹrẹ kan tó wà lọ́jà dáadáa ni HP EliteBook 840. Èyí tí wọ́n pè ní G1 àti G2, DDR3L ni wọ́n ń lò. G3 ti bọ́ sórí DDR4. Wọ́n jọ ara wọn, owó wọn sì lè súnmọ́ra, àmọ́ RAM tó wà nínú ọ̀kan ò lè bọ́ sínú èkejì. Ẹni tó bá lọ sọ fún ọlọ́jà pé RAM 840 lòun fẹ́, tí kò dárúkọ G rẹ̀, ó ti fi tẹ́tẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọjà.

Lẹ́tà L tó wà lẹ́yìn DDR3 yẹn kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́ o. DDR3 lásán ń lo iná 1.5 volt, DDR3L ń lo 1.35. Ẹsẹ̀ wọn bára mu, gígé wọn bára mu, méjèèjì ló máa wọ ihò kan náà wọ́ọ́rọ́wọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń tan àwọn ẹnjiníà gan-an jẹ. Kọ̀ǹpútà tó ń lo Intel ìran kẹrin, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dún 2013, DDR3L ni púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́. Bí wọ́n bá fi oní 1.5 sí i, ojú rẹ̀ lè má tàn rárá. Ṣùgbọ́n DDR3L sábà máa ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà tó ń lo DDR3 lásán. Nítorí náà, ẹni tí nǹkan bá dojú rú fún níwájú ìsọ̀, tí kò mọ èyí tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń lò nínú méjèèjì, kó mú èyí tó ní L.

Bí èèyàn bá ti mọ ìran, ìbéèrè tó kù ni bí RAM ọ̀hún ṣe lè tóbi tó. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní òpin tirẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní processor àti BIOS rẹ̀ ló sì ń pinnu ìyẹn. Lára àwọn kọ̀ǹpútà DDR3, 8GB ni èyí tó tóbi jù tí ihò kan máa ń gbà, tó túmọ̀ sí 16GB fún oníhò méjì. Ẹni tó bá ń wá 32GB fún EliteBook 840 G1 tàbí ThinkPad T430, omi ló ń pọn sínú apẹ̀rẹ̀. DDR4 lè tó 32GB lórí ẹyọ kan, DDR5 tó tó 48GB lẹ́yọ kan sì wà.

Ibi tó dára jù láti rí òpin yìí ni ìwé tí iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà kọ nípa rẹ̀, èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà kejì wà. Kí èèyàn ṣí Command Prompt, kó tẹ wmic memphysical get maxcapacity, kó sì tẹ Enter. Bí ó bá rí 16777216, 16GB nìyẹn. Bó bá jẹ́ 33554432, 32GB ni. Àwọn Windows 11 tó jáde lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ ti ń yọ wmic kúrò, kò sì yẹ kéèyàn gbára lé nọ́ńbà náà pátápátá, torí BIOS mìíràn máa ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. T480 tó jáde lọ́dún 2018 jẹ́ àpẹẹrẹ: 32GB ni wọ́n kọ fún un, nígbà tó sì yá tí ẹlẹ́yọ 32GB dé sọ́jà, àwọn èèyàn fi méjì sí i, ó sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó fi kọ̀ǹpútà wá oúnjẹ òòjọ́ kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa dán irú ìyẹn wò, àyàfi bí ọlọ́jà bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun máa gbà á padà.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Bí Windows tó wà lórí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti 32-bit, bí wọ́n fi 16GB sí i, kò ní lò ju nǹkan bíi 3GB sí 4GB lọ. Ó wà nínú Settings, lábẹ́ System, ní About. Kò sí ohun tó burú nínú RAM, Windows ni wọ́n máa pààrọ̀ sí 64-bit.

Ìwé pélébé tó wà lára RAM fúnra rẹ̀ ń sọ púpọ̀. Bí wọ́n bá kọ 8GB 2Rx8 PC3L-12800S sí i, 8GB ni bó ṣe tóbi tó, PC3L ni DDR3L, lẹ́tà S sì ń sọ pé ti kọ̀ǹpútà alágbèélétan ni. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì gùn tó ìlọ́po méjì rẹ̀, kò lè wọlé. Nọ́ńbà 12800 yẹn, bí wọ́n bá fi 8 pín in, á di 1600, òun ni bó ṣe yára tó. Àwọn kan á kọ 1600 sí i tààrà, àwọn kan á kọ 12800, ọjà kan náà ni. Bí RAM méjì tí ìyára wọn yàtọ̀ bá wà nínú kọ̀ǹpútà kan, èyí tó lọ́ra ni méjèèjì máa bá rìn, kò fi bẹ́ẹ̀ bà wọ́n jẹ́.

2Rx8 ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe to àwọn ègé dúdú kéékèèké tó wà lára RAM. Kọ̀ǹpútà tó ń lo Intel ìran kẹrin sẹ́yìn fẹ́ kí 8GB rẹ̀ jẹ́ 2Rx8, tí ègé 16 wà lára rẹ̀, mẹ́jọ lójú, mẹ́jọ lẹ́yìn. 8GB mìíràn wà tó jẹ́ 1Rx8, tí ègé rẹ̀ kò ju mẹ́jọ lọ, tí ègé kọ̀ọ̀kan sì gbé ìlọ́po méjì. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ò mọ irú ègé bẹ́ẹ̀ kà, bẹ́ẹ̀ ni ìran wọn kan náà, L wà lára rẹ̀, ìyára wọn dọ́gba. Fún DDR3, kéèyàn fi ojú ara rẹ̀ ka ègé tó wà lára rẹ̀ kó tó sanwó.

Fún ẹni tó ní ihò méjì, 8GB méjì máa ń yá ju 16GB ẹyọ kan lọ, torí kọ̀ǹpútà á máa gba ojú ọ̀nà méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń yàwòrán á rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìwé owó lè má mọ̀ ọ́n, ó sì lè ra 16GB kan kó dá ihò kejì sí di ọjọ́ tí owó bá tún dé. 4GB àti 8GB nínú kọ̀ǹpútà kan, tó jẹ́ 12GB lápapọ̀, ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bí àwọn kan bá tiẹ̀ ń sọ pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Láti ìparí ọdún 2025 ni owó RAM ti fò sókè kárí ayé, torí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ń darí èyí tó pọ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá fún AI. Lóṣù Kejìlá ọdún náà ni Micron kéde pé òun máa pa Crucial tì, ìyẹn RAM tí òun fi ń tajà fún aráàlú. Èyí ló mú kí RAM tòkunbọ̀, tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà mìíràn, túbọ̀ wu àwọn èèyàn. Kò burú, torí RAM kò ní ohun tó ń yí nínú rẹ̀ tó máa tètè gbó. Àwọn tí Samsung, SK hynix tàbí Micron bá kọ orúkọ wọn sí lára ló sábà máa ń jẹ́ èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá láti iléeṣẹ́. Àmọ́ ìwé pélébé ṣeé lẹ̀ mọ́ ohun mìíràn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà gan-an ló yẹ kó jẹ́rìí.

Kí oníṣòwò gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání lọ sọ́jà, kí wọ́n fi RAM náà sí i níṣojú rẹ̀, kí wọ́n tàn án, kó rí iye GB tó hàn. Lẹ́yìn náà, kó tẹ mdsched sí ibi tí wọ́n ń wá nǹkan nínú Windows, kó jẹ́ kó yẹ RAM wò. Ó lè gba àkókò, ọlọ́jà sì lè máa kùn. Kó kùn. RAM tó bá lábùkù díẹ̀ kì í fìgbà gbogbo pa kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀, ó lè máa ba fáìlì jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, títí di ọjọ́ tí ìwé owó ọdún kan máa kọ̀ tí kò ní ṣí mọ́. Orúkọ RAM, bó ṣe tóbi tó àti ọjọ́ tí wáráńtì máa parí gbọ́dọ̀ wà lórí rìsíìtì.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí, kó pa kọ̀ǹpútà pátápátá, kó yọ ṣájà, kó yọ bátìrì. Bí bátìrì bá wà nínú, bíi ti T480, àyè wà nínú BIOS láti sé e. Kó fọwọ́ kan irin tó kan ilẹ̀ kó tó mú RAM, kó dì í mú létí, kó ti i wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kó wá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi dún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tàn án, DDR5 pàápàá lè pẹ́ díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ti torí ìyẹn sáré pa á.

Kí wọ́n tó náwó sí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ gan-an, ọ̀rọ̀ Windows ṣì wà níbẹ̀. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Windows 11 kò sì fọwọ́ sí Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, àyàfi díẹ̀ lára ìran keje. T480 tó ń lo ìran kẹjọ bọ́ sínú rẹ̀. T430 àti 840 G1 ò sí níbẹ̀. Kíkún RAM àwọn yẹn dé 16GB lè ṣe wọ́n láǹfààní fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà sanwó ní ilé ìfowópamọ́ yẹ kó ṣírò rẹ̀ dáadáa, bóyá kó fi owó náà sílẹ̀ de kọ̀ǹpútà mìíràn.

RAM àtijọ́ tí wọ́n bá yọ jáde, ti oníkọ̀ǹpútà ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi í sílẹ̀ lórí tábìlì ẹnjiníà bí ẹni fi pàǹtírí sílẹ̀. Kó gbà á, kó fi ìwé tàbí ọ̀rá tí èyí tuntun wà nínú rẹ̀ wé e, kó kọ orúkọ kọ̀ǹpútà tó ti jáde sí i lára. Bí tuntun bá daṣẹ́ sílẹ̀ lóru ọjọ́ tí iṣẹ́ oníbàárà gbọ́dọ̀ jáde, òun ni wọ́n máa dá padà sínú ihò.